Aṣọ Àrán Tí Ìyá Mi Kò Wọ̀ Dé Àjàṣẹ́

Olùkọ́ ni bàbá mi ní Sakẹ́tẹ́, nígbà tí àwọn Faransé ṣì ń ṣèjọba lé wa lórí. Ìtàn kan wà tó máa ń sọ fún wa nírọ̀lẹ́, bí a bá ń bẹ ẹ̀gẹ́ tí a fẹ́ fi ṣe gàrí. Ó ní ọmọ òrukàn kan wà ní Amẹ́ríkà láyé àtijọ́, ó di sójà, ó di adájọ́, ó di ọ̀gágun, ó wá ní òun fẹ́ ṣe ààrẹ. Ó kọ́kọ́ fìdí rẹmi. Nígbà tó tún jáde, àwọn alátakò kọjú sí ìyàwó rẹ̀, torí pé obìnrin náà ti ní ọkọ kan tẹ́lẹ̀. Ọkùnrin náà wọlé, ṣùgbọ́n kó tó gorí àga, ìyàwó kú. Aṣọ tó rà sílẹ̀ de ọjọ́ ayẹyẹ náà ni wọ́n fi sin ín.

Bó bá ti débẹ̀, ọ̀bẹ á dúró lọ́wọ́ ìyá mi. Òun náà ti lọ́kọ ní Pọbẹ̀ kó tó fẹ́ bàbá mi. Lọ́jọ́ kan ó béèrè pé, "Ṣé ó tiẹ̀ wọ aṣọ yẹn rí kó tó kú?" Bàbá mi ní ìwé tí òun ti ka ìtàn náà ò sọ.

Ìwé yẹn ò sọ ọ̀pọ̀ nǹkan. Mo ti di ìyá ọmọ kí n tó gbọ́ pé ọkùnrin yìí kan náà ra àwọn èèyàn dúdú bíi tiwa, ó fi wọ́n ṣẹrú, ó sì lé àwọn onílẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ baba wọn. Inú bí mi gan-an. Ẹni tí bàbá mi ń wò bí àwòkọ́ṣe nìyẹn o.

Nígbà tí ìbò dé ọ̀dọ̀ wa, bàbá mi jáde fún ìgbìmọ̀ aṣòfin tó ń jókòó ní Àjàṣẹ́, olú ìlú wa. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìyá mi kọrin lọ́jà, pé dálémoṣú tó kọ ọkọ sílẹ̀ ní Pọbẹ̀ ló fẹ́ di ìyàwó aṣojú ìlú. Àwọn tó ń ra gàrí lọ́wọ́ rẹ̀ ń kọ ọ́ lójú rẹ̀. Mi ò tíì dárí jì wọ́n. Ìyá mi ra àrán aláwọ̀ aró, ó gbé e fún aránṣọ, ó ní òun á wọ̀ ọ́ bá ọkọ òun lọ sí Àjàṣẹ́, kí wọ́n wá wo òun dáadáa.

Bàbá mi wọlé. Kò pẹ́ sígbà náà ni àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dun ìyá mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, ilẹ̀ ọjọ́ náà ò sì tíì ṣú tó fi kú.

Bàbá mi gbé aṣọ náà jáde, ó ní aṣọ yẹn ni ìyá mi máa wọ̀ lọ sí sàréè. Àwọn àlùfáà ní rárá, Mùsùlùmí ni, aṣọ funfun tí wọn ò rán ni wọ́n fi ń sin wá. Bàbá mi sunkún lójú gbogbo àdúgbò.

"Ẹ jẹ́ kó wọ̀ ọ́," ó ní. "Ẹ ṣáà jẹ́ kó wọ̀ ọ́."

Wọn ò gbà. Mo mọ̀ pé òfin ẹ̀sìn ni, síbẹ̀ ó dùn mí wọra.

Lọ́jọ́ tí bàbá mi lọ jókòó ní Àjàṣẹ́, orí itan rẹ̀ ló ká aṣọ náà sí. Kò sọ ìtàn ará Amẹ́ríkà yẹn mọ́ títí tó fi kú. Ọwọ́ mi ni aṣọ náà wà báyìí.

Ìyá mi wọ̀ ọ́ rí, lọ́jọ́ tí aránṣọ gbé e wá. Ó dúró síwájú dígí, ó ní kí n bá òun wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ó gún. Mo ní ó gún. Ó ní kí n tètè bá òun bọ́ ọ, kó má baà dọ̀tí kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.