Òkú Tó Lé Eṣinṣin

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ibi tí fíìmù abanilẹ́rù kù díẹ̀ káàtó sí, kó wá sí àdúgbò wa ní Ìsẹ́yìn, kó bèèrè Ràmọ́nì tó ń hun aṣọ òfì. Ọwọ́ Ràmọ́nì á máa ju ọ̀kọ̀ òwú sọ́tùn-ún sósì, ojú rẹ̀ á wà lára fóònù tó so mọ́ òpó, ẹnu rẹ̀ á sì máa dájọ́.

Kì í wo fíìmù olówó ńlá. Àwọn tí wọ́n fi owó táṣẹ́rẹ́ ṣe ló ń wá kiri, torí àwọn yẹn ni àbùkù ara wọn tó gbé e dé ìrọ̀lẹ́. "Ẹ wo iwin yìí," á ní. "Ojú rẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ, ọrùn rẹ̀ dúdú. Ṣé páúdà tán lọ́run ni? Ó gba inú ògiri wọlé, ó wá ń ṣílẹ̀kùn kó tó lè jáde! Ẹ tún gbọ́ ààrá tó ń sán nínú ọyẹ́!" Èyí tó ń bí i nínú jù ni ti aṣọ. Òkú Mùsùlùmí kì í wọ aṣọ tí wọ́n rán, kí wọ́n wá máa fi òkú tó ní bọ́tìnnì láyà han odidi ahunṣọ!

Irú kan tún wà tí kì í fẹ́ rí sójú, àwọn tí wọ́n máa ń kọ síwájú pé inú igbó ni àwọn ti rí kámẹ́rà yìí he, pé àwọn tó ni ín ò padà wálé mọ́. "Iwin ń lé ọ, o ń ya fídíò! Bí ajá lásán bá lé ọ, ṣebí wàá ju bàtà sílẹ̀, ká tó wá sọ kámẹ́rà." Kò sẹ́ni tó bi í rí ìdí tó fi máa ń pa ohùn fóònù rẹ̀ bí iwin bá ti fẹ́ yọ. Ìyàwó rẹ̀ mọ ìdí, ṣùgbọ́n aláàánú obìnrin ni.

Fadékẹ́ ayàwòrán, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ti Ràmọ́nì, ló gbọ́ ìdájọ́ yìí títí tó sú u. Ó ní òun náà fẹ́ ṣe fíìmù kámẹ́rà àrihe, ìṣẹ́jú mẹ́fà péré, fóònù lòun yóò fi yà á.

"Bàbá Misturat, ẹ wá ṣe òkú inú rẹ̀, ká lè mọ bí òkú gidi ṣe ń ṣe."

Ràmọ́nì gbà, ṣùgbọ́n ó ka òfin sílẹ̀. Kò gbọdọ̀ sí orin. Kò gbọdọ̀ sí orúkọ ẹnikẹ́ni níwájú tàbí lẹ́yìn. "Fíìmù tó ń dárúkọ ẹni tó se oúnjẹ fún wọn, ta ni yóò bà lẹ́rù?" Kí wọ́n kàn kọ ọ́ pé inú igbó kan lọ́nà Kòmú ni wọ́n ti rí fóònù náà he. Aṣọ funfun tí kò lójú rírán ni kí wọ́n fi wé òun, kí wọ́n ṣí ojú òun sílẹ̀.

Wọ́n lọ sínú igbó, Ràmọ́nì sì kú. Ó kú dáadáa. Ó kú tó bẹ́ẹ̀ tí àyà Fadékẹ́ fúnra rẹ̀ fi ń já. Àfi bí eṣinṣin kan ṣe bà lé e nímú. Òkú fara dà á, ó fara dà á, ìgbà tí eṣinṣin fẹ́ wọ ihò imú, òkú yọ ọwọ́ nínú aṣọ, ó gbá a dànù, ó bú u dáadáa kó tó tún kú padà.

Fadékẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ràmọ́nì ò rí nǹkan ẹ̀rín níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn: "Gé e kúrò. Tí aráyé bá rí i, ta ni yóò tún gbọ́ ìdájọ́ mi?" Fadékẹ́ gé e kúrò, ó sì fi fíìmù náà sórí Wásáàpù.

Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni Ràmọ́nì wọkọ̀ lọ sí Ìjìó, nítòsí ẹnubodè Bẹ̀nẹ̀. Misturat ọmọ rẹ̀ ti rí ọkọ níbẹ̀, Muhydeen ọmọ Alájì Kàdírì. Ọdún méjì ni ọmọbìnrin náà ti ń retí. Ó ku kí bàbá méjèèjì fojú rinjú, kí wọ́n dá ọjọ́ yìgì. Ràmọ́nì ò dé Ìjìó rí, inú fọ́tò ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n.

Ó dé ẹnu ọ̀nà Alájì, odindi aṣọ òfì tuntun wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ kúulé o." Ìyá Àwáwù, ẹ̀gbọ́n Alájì, ń pa ẹ̀pà lábẹ́ ìgànnà. Ó gbójú sókè, ó da àtẹ ẹ̀pà nù.

"Subuhanallahi! Òkú inú fóònù rèé!"

Àṣé àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni fíìmù náà dé Ìjìó, láìlórin, láìlórúkọ, bí Ràmọ́nì ṣe fẹ́ ẹ gẹ́lẹ́. Wọ́n ṣì ń jiyàn lórí bí wọn yóò ṣe bá Misturat kẹ́dùn ni olóògbé fi wọlé.

Alájì jáde pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Kò sún mọ́ àna rẹ̀.

"Èmi ni, Alájì. Mi ò kú o."

"Kò sí àkúdàáyà tó ń sọ pé òun kú," Ìyá Àwáwù dáhùn láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. "Ẹni tó kú ní Ìsẹ́yìn, tó wá ń rìn ní Ìjìó, kí là ń pè é? Ìlú tí wọn ò ti mọ̀ wọ́n ni wọ́n máa ń sá wá."

"Ẹ pe ìyàwó mi!"

"Ìyàwó àkúdàáyà kì í mọ̀."

"Fíìmù ni, ẹ̀yin èèyàn mi!"

"A ti wo fíìmù rí o," Alájì ní. "Òkú inú fíìmù máa ń ní bọ́tìnnì. Aṣọ tiyín ò lójú rírán. Kò lórin, kò lórúkọ. Bàbá Misturat, bóyá ẹ̀yin ni, bóyá ẹ̀yin kọ́. Ṣùgbọ́n a ò lè fẹ́ ọmọ àkúdàáyà fún ọmọ wa. Ẹ jẹ́ ká dá ọ̀rọ̀ yìgì dúró ná."

Kí ni Ràmọ́nì yóò sọ fún Misturat? Pé bàbá rẹ̀ mọ̀ ọ́n kú jù? Ó wá àbùkù nínú fíìmù náà, òun tó máa ń rí ogún nínú ti ẹlòmíì, kò rí ẹyọ kan. Òun fúnra rẹ̀ ló ti kó gbogbo rẹ̀ kúrò. Ó fa fóònù yọ, ó pe Fadékẹ́.

"Eṣinṣin yẹn, ṣé o ti pa á rẹ́?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n pa á rẹ́."

"Mo mọ̀ pé èmi ni! Ṣé o pa á rẹ́?"

"Ẹ má bínú, Bàbá Misturat. Àràárọ̀ ni mò ń wò ó kí n tó jẹun."

"Ọlọ́run á bù sí i fún ọ. Fi ránṣẹ́ kíákíá!"

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ìjìó, tó ń ṣe ọmọ Nàìjíríà láàárọ̀, tó ń ṣe ọmọ Bẹ̀nẹ̀ lọ́sàn-án, rọra gbé e dé. Ràmọ́nì gbé fóònù sílẹ̀, ó sún sẹ́yìn. Alájì bẹ̀rẹ̀, ó ń wò ó. Òkú nà gbalaja. Eṣinṣin bà. Ọwọ́ yọ. Ohùn òkú sì ké jáde: "Eṣinṣin aláìgbọràn, ṣé o fẹ́ bá mi wọ kòtò ni?"

Ìyá Àwáwù jáde lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gba fóònù, ó wò ó lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ̀rín gba ilé kan. Alájì fi apá agbádá nu ojú.

"Bàbá Misturat, fíìmù yìí ò dáa o. Òkú inú rẹ̀ ò mọ iṣẹ́ rẹ̀ rárá."

"Ó burú, Alájì," Ràmọ́nì ní, omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Ó burú jáì. Ẹ ṣeun."

Wọ́n dá ọjọ́ yìgì kí wọ́n tó ṣa ẹ̀pà tán nílẹ̀. Ṣùgbọ́n Ràmọ́nì ò tíì wọ ọkọ̀ tí fídíò eṣinṣin ti yí Ìjìó po, tó ti ń bọ̀ ní Ìsẹ́yìn. Ìyá Àwáwù ní kí wọ́n kọ orúkọ Ràmọ́nì gàdàgbà síwájú rẹ̀, kí wọ́n tún kọ ọ́ sẹ́yìn, kí wọ́n wá fi kún un pé: "Àna wa rèé. Kò tíì kú."