Neville Mumby àti Ohùn Òmìrán Tí Kì í Ṣe Tirẹ̀

Bí ẹ bá dárúkọ Neville Mumby ní Grimsby, ìlú apẹja kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lónìí, ẹ ò ní tíì sọ̀rọ̀ tán kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn ọjọ́ tó lọ kọrin ní Lọ́ńdọ̀nù. Gbọ̀ngán kún fọ́fọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó wọ dúdú láti orí dé ẹsẹ̀ dúró láìsọ̀rọ̀, àfi bí ẹni pé àlùfáà ni wọ́n ń retí. Ẹni tí wọ́n ń retí ni ọkùnrin tó kọ gbogbo orin inú àwo rọ́ọ̀kì kan tí wọ́n ń pè ní Ilé Abẹ́ Omi, lọ́dún 1971. Ohùn ọkùnrin náà nínú àwo yẹn jinlẹ̀, ó falẹ̀, ó sì kún fún ìbànújẹ́ débi pé ìwé ìròyìn kan kọ ọ́ pé ó dà bí ẹni pé òmìrán kan jókòó sí ìsàlẹ̀ òkun, tó ń dá sunkún.

Ẹni tó jáde sí wọn ni bàbá kúkúrú kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tó wọ súwẹ́tà aláwọ̀ ewé, tó sì gbé ife tíì dání. Kò kọrin. Ó kọ́kọ́ bá wọn wí.

"Ẹ káàbọ̀ o. Mo dúpẹ́ pé ẹ fẹ́ràn àwo wa. Ṣùgbọ́n gbogbo yín pátá, òdì lẹ ń gbọ́ ọ."

Ó ṣàlàyé òdì náà títí tíì fi tutù. Ìgbà tó wá la ẹnu láti kọrin, ohùn tó jáde tín-ín-rín, ó ń sáré, ó sì mú bíi ti kẹ́tùlù tí omi inú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ hó. Ó kọ orin mẹ́ta. Àwọn èèyàn rọra pàtẹ́wọ́. Ọmọkùnrin kan níwájú wá nawọ́ sókè pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìgbà wo ni Neville Mumby máa jáde?"

Avril, ìyàwó rẹ̀, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé, ó bá a di kóòtù mú. Kóòtù náà ló fi di ara rẹ̀ lẹ́nu kó má bàa bú sẹ́rìn-ín.

Ká sòótọ́, kò sí ẹ̀bi lọ́rùn ọmọ náà. Ohùn inú àwo yẹn kì í ṣe ohùn ẹnikẹ́ni láyé. Nígbà tí Neville ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta dá ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀, wọ́n pè é ní Àtùpà Èbúté. Ọ̀kan nínú wọn ni Roy Drewery tó ń ta gìtá, ọkùnrin gíga, oníwà tútù, tí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bínú. Wọ́n lọ sí sítúdíò kékeré kan ní Leeds. Ọjọ́ tó ṣáájú èyí tí wọ́n dé, ẹni tó ni sítúdíò náà ń ṣe ìpolówó ọbẹ̀ inú agolo, níbi tí òmìrán kan ti máa sọ̀rọ̀. Kó lè rí ohùn òmìrán, ó mú kí ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ rẹ̀ máa sáré ju bó ṣe yẹ lọ. Ohun tí wọ́n bá fi eré gbà sílẹ̀ báyìí, tó bá dé orí ẹ̀rọ mìíràn tó ń rìn bó ṣe yẹ, ńṣe ló máa falẹ̀, tí ohùn á sì ki. Ọkùnrin náà rí òmìrán rẹ̀, inú rẹ̀ dùn, ó sì gbàgbé láti dá ẹ̀rọ padà sí bó ṣe wà.

Nínú sítúdíò, lórí ẹ̀rọ kan náà, gbogbo rẹ̀ dún dáadáa. Ìgbà tó dé iléeṣẹ́ tó ń tẹ àwo ni gbogbo wọn di òmìrán. Neville di òmìrán, gìtá Roy di òmìrán, kódà ẹni tó pàtẹ́wọ́ nínú orin kẹta, ọwọ́ òmìrán ló fi pa á.

Iléeṣẹ́ náà ṣe ohun tó yẹ. Wọ́n fi àwo kan ránṣẹ́ kí ẹgbẹ́ náà gbọ́ ọ, kí wọ́n sọ bóyá ó dára, kí wọ́n tó tẹ ìyókù. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Neville àti Avril ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó, tí wọ́n lọ sinmi ní etí òkun Skegness, tí òjò sì sé wọn mọ́lé. Roy ló gba àwo náà.

"Roy, ṣé o gbọ́ ọ?" Neville bi í nígbà tó dé.

"Mo gbọ́ ọ."

"Ṣé o gbọ́ pé ohùn mi ti di ti màlúù?"

"Mo rí i pé ó ti ki díẹ̀."

"Kí lo wá kọ sí wọn?"

"Mo kọ ọ́ pé ó dára gan-an, a sì dúpẹ́."

"Roy! Kí ló ṣe ọ́?"

"Lẹ́tà tí wọ́n kọ sí wa kún fún ọ̀wọ̀, Neville. Mi ò fẹ́ yọ wọ́n lẹ́nu."

Báyìí ni ìwà pẹ̀lẹ́ ṣe pa ẹgbẹ́ olórin kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kì í sì í ṣe òun nìkan ni irú ìwà bẹ́ẹ̀ ti pa níbẹ̀. Àwọn ẹbí ra àwo náà, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ìyá Roy rà á, ọ̀rọ̀ sì tán síbẹ̀. Ẹgbẹ́ tú ká. Neville lọ ń la ẹja ní èbúté, ibẹ̀ ló sì wà títí ó fi fẹ̀yìn tì. Tí òun àti Avril bá ń jà, ibi yòówù kí ìjà ti bẹ̀rẹ̀, ibì kan náà ló máa ń parí sí.

"Ká ní a ò lọ sí Skegness ni!"

"Ká ní mo mọ̀ ni," Avril á dá a lóhùn, "ǹ bá dá lọ."

Ṣùgbọ́n Neville kò gbà kí ọ̀rọ̀ àwo náà tán síbẹ̀. Ó ti ṣàwárí pé nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ àwo, irin kékeré kan wà tó ń yí okùn tó ń yí àwo. Bí èèyàn bá wé nǹkan mọ́ irin náà tó fi sanra díẹ̀, àwo á máa yí kíákíá. Ó wá ń jí pílásítà níbi iṣẹ́, irú aláwọ̀ búlúù tí wọ́n máa ń fún àwọn tó ń la ẹja láti fi lẹ ojú ọgbẹ́, kí ó bàa lè hàn bó bá já bọ́ sínú ẹja. Kò sígbà tí kò sí nínú àpò rẹ̀. Tó bá kí yín nílé, á tọrọ ilé ìtọ̀, á pẹ́ níbẹ̀, ẹ̀yin náà á sì mọ̀ pé ilé ìtọ̀ kọ́ ló lọ. Ó wé e mọ́ ẹ̀rọ àwo ilé Roy nígbà Kérésì. Gbogbo àwọn tó ń kọrin ìbí Jésù nílé yẹn dún bí eku títí ọdún fi yí. Roy mọ ẹni tó ṣe é, ṣùgbọ́n ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wà báyìí títí ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Lọ́ńdọ̀nù, Jasper lorúkọ rẹ̀, fi rí àwo náà ní ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta ẹrù àlòkù láti fi ran àwọn aláìní lọ́wọ́, láàárín àwọn ìwé ìdáná. Jasper ní iléeṣẹ́ kékeré kan tó ń tún àwo àtijọ́ tí ayé ti gbàgbé tẹ̀. Ó fi orin kan sórí ayélujára. Láàárín oṣù díẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tí ìyá wọn kò tíì délé ayé nígbà tí wọ́n ṣe àwo náà ń kọ ọ́ pé Neville Mumby ló ní ohùn tó banú jẹ́ jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Jasper wọ ọkọ̀ ojú irin, ó dé Grimsby pẹ̀lú òdòdó lọ́wọ́. Kó lè tu Neville lójú ló fi ṣètò eré Lọ́ńdọ̀nù yẹn, ẹ sì ti gbọ́ bó ṣe parí.

"Bàbá, àwọn èèyàn ń sunkún tí wọ́n bá gbọ́ ọ," ni Jasper wí nígbà tí wọ́n jọ ń jẹun nílé Neville.

"Èmi náà ń sunkún. Jẹ ẹja rẹ."

"Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà. Mo tún máa tẹ èyí tó yára bí ẹ ṣe fẹ́ ẹ, àwo kejì, inú páálí kan náà, lọ́fẹ̀ẹ́."

Neville gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀. "Ṣé ohùn mi lo fẹ́ fi ṣe èènì?"

"Bàbá, kì í ṣe..."

"Ohùn òmìrán yẹn ni kó o fi ṣe èènì. Tèmi lọjà!"

"Kò sẹ́ni tó máa rà á, Bàbá."

"Kí wọ́n má rà á. Ó ti mọ́ mi lára."

Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi wà lórí ẹ̀. Jasper á dé, Neville á din ẹja hádọ́ọ̀kì àti ọ̀dùnkún fún un, wọ́n á jọ jẹun, wọ́n á ná an, Neville á yarí, Jasper á padà sọ́dọ̀ àwọn tiẹ̀. Ọmọ tó gbẹ bí igi nígbà tó kọ́kọ́ dé ti wá yọ ikùn. Inú Neville máa ń dùn sí i, ó sì máa ń pe Jasper ní olè lójúkojú. Avril nìkan ni ara kò rọ̀. Ohun tó ń fẹ́ kò ju pé kí àwo náà jáde nígbà tí ọkọ rẹ̀ ṣì lè rí i, kí ẹnì kan tí kì í ṣe ẹbí yìn ín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó tó kú.

Àṣírí kan tún wà tí Avril kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ti òmìrán ló fẹ́ràn jù. Tí Neville bá lọ sí ọgbà ẹ̀fọ́, á tẹ́tí sí i lórí fóònù bó ṣe ń fọ abọ́, á sì dà bí ẹni pé abọ́ fífọ̀ gan-an ti di ohun ńlá. Orin kan wà níbẹ̀ nípa ilé tó rì sínú òkun: tí òmìrán bá kọ ọ́, ọkàn èèyàn á fà ya. Tó bá jẹ́ bí Neville ṣe kọ ọ́ gan-an ni, ṣe ló ń dún bíi ti ẹni tó gbàgbé agboòrùn sínú bọ́ọ̀sì.

Àìsàn wọ inú ẹ̀dọ̀fóró Neville nígbà òtútù. Jasper mú èso àjàrà wá sí ilé ìwòsàn.

"Bàbá, mo ti ronú. Àwo kan ṣoṣo. Ìhà kan tiyín, ìhà kejì ti òmìrán. Ọgbọọgba."

Neville la ojú kan. "Èwo ni ìhà kìn-ín-ní?"

Jasper wo ilẹ̀.

"Mo rò ó bẹ́ẹ̀," Neville wí, ó sì jẹ àjàrà rẹ̀.

Ní oṣù Kẹta ọdún ni Neville kú, láìfọwọ́ sí nǹkan kan. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìbínú Avril ju ẹkún rẹ̀ lọ. Ó ń bínú sí àga tí ọkọ rẹ̀ máa ń jókòó sí. Ó ní kí ló dé tí èèyàn ò lè gba ìdajì nígbà tí wọ́n fi ìdajì lọ̀ ọ́, tó fi wá di pé kò rí ẹyọ kan. Ó pinnu pé tí Jasper bá dé, òun máa fọwọ́ sí i, kí ariwo náà tán.

Jasper dé nígbà tí òjò ń rọ̀. Roy náà wà níbẹ̀, torí ó ti di àṣà rẹ̀ láti máa wá wo Avril lọ́jọ́ Ẹtì.

"Màmá, ọwọ́ yín ló kù sí," ni Jasper wí. "Mi ò fẹ́ rẹ́ yín jẹ. Ti òmìrán ló máa ṣíwájú, òun ni ayé ń fẹ́. Ti Bàbá á wà lẹ́yìn rẹ̀."

"Mo ti gbà," Avril wí. Ó ti mú báírò dání.

Jasper rò pé ohun tó yẹ ni òun fẹ́ ṣe. Ó gbé fóònù rẹ̀ sórí tábìlì, ó tan orin ilé tó rì. Òmìrán náà bẹ̀rẹ̀ sí kọrin ní yàrá ìdáná. Orin náà dára, kò sẹ́ni tó lè purọ́ pé kò dára. Omi ti lé ròrò lójú Roy. Avril dẹtí sílẹ̀. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, kò tíì gbọ́ ọ. Ó ń wá a nínú orin náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé àárín, bí ìgbà tí èèyàn ń wá ojú kan láàárín èrò. Kò rí i. Ó tún dẹtí, kò sí níbẹ̀.

"Pa á," ló wí. "Ta nìyẹn?"

"Bàbá ni, Màmá. Neville ni."

"Irọ́ ni. Ọkùnrin yẹn ò gbé ilé mi rí." Ó ti báírò náà padà sọ́dọ̀ Jasper. "Ti ọkọ mi ló máa ṣíwájú."

"Màmá, ẹ̀yin gan-an sọ ní ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn..."

"Mo mọ ohun tí mo sọ."

"Ẹ̀yin lẹ máa ń bá wa pẹ̀tù sí i tẹ́lẹ̀!"

"Ẹni tó ń yarí ló wà láyé nígbà yẹn, ìdí nìyẹn tí mo fi ráyè pẹ̀tù. Ó ti lọ báyìí. Ṣé kí ilé wá wà láìsí ẹni tó máa yarí ni?"

Jasper yíjú sí Roy, ó rò pé ibẹ̀ lòun ti máa rí ìrànlọ́wọ́. Roy nu ojú. "Ohun tí Avril sọ ni mo sọ," ló wí.

Jasper mú fóònù rẹ̀ padà sápò. Lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá ẹja kankan wà nílé.

Àwo náà jáde nígbà ìkórè, ohùn Neville gan-an ló sì ṣíwájú. Àwọn ọ̀dọ́ aláṣọ dúdú bínú gan-an. Ọ̀kan kọ ọ́ sórí ayélujára pé àwọn kan ti ba ohun ọ̀wọ́n jẹ́. Òmíràn ní olórin náà ń dún bí ẹni tó ń lé bọ́ọ̀sì. Àwọn tó rà á kò pọ̀, Jasper sì ní kò burú, òun ṣì máa jẹ gbèsè míì kí òun tó kú. Ó fi àwo kan ránṣẹ́ sí Avril, òun àti ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n fi ń gbọ́ ọ.

Avril dúró dìgbà tí òun nìkan wà nílé. Ó tan án. Ohùn tín-ín-rín yẹn sáré jáde, ó ń kánjú, ó ń mú, ohùn tó máa ń bá ẹlẹ́ja jiyàn, tó máa ń pariwo láti òkè pé ta ló gbé awò ojú òun, tó sọ ní Skegness, pẹ̀lú òjò lójú fèrèsé, pé inú òun dùn pé òun fẹ́ ẹ. Kò dára tó ti òmìrán. Avril mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì tan ara rẹ̀ jẹ. Ẹ̀rín mú un níbi ẹsẹ kìn-ín-ní orin náà, ó rín in títí ó fi di ẹkún, ó sì jẹ́ kó di ẹkún.

"Mo ń gbọ́ ọ," ló wí fún ohùn náà. "Rọra, Neville. Mi ò lọ síbì kan."

Neville kò rọra. Ó sáré kọrin náà dé òpin, ó sì bọ́ sí èyí tó tẹ̀ lé e.