Omi Ìwẹ̀ Pamílẹ́rìn

Ní búlọ́ọ̀kù tiwa ní Jakande, Ìsọlọ̀, bí aboyún bá sọ̀ kalẹ̀, Ìyá Tẹ́júọlá ni wọ́n kọ́kọ́ ń ránṣẹ́ sí. Abọ́sẹ̀dé lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni, ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́, ìwẹ̀ ọmọ sì niṣẹ́ rẹ̀. Yóò jókòó sórí àpótí, yóò na ẹsẹ̀ méjèèjì, yóò tẹ́ ìkókó sórí ojúgun, yóò sì fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́ láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Yóò nà án lọ́wọ́, yóò nà án lẹ́sẹ̀, yóò fi àdí pa á lára, kí ẹ tó mọ̀, ọmọ ti sùn lọ. Òun ló wẹ gbogbo ọmọ tèmi, láti orí Nimotallahi dé orí àbíkẹ́yìn. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ẹni tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀dájú, kì í sì í ṣe aláìmọ̀kan, nítorí àwọn ará ilé wa ti pè é ní méjèèjì.

Lásìkò òjò ọdún tó kọjá ni ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú. Bó bá jí láàárọ̀, ìka rẹ̀ kì í ká. Àwọn oríkèé wú, wọ́n pọ́n, wọ́n sì gbóná, àfi bíi pé ìka nìkan ni ibà ń ṣe. Èyí tó wá burú jù ni yíyún. Àtẹ́lẹwọ́ ń yún un, ẹ̀yìn ọwọ́ ń yún un. Bó bá họ ọ́, ibi tó wú á máa ro ó. Bí kò bá sì họ ọ́, kò ní lè jókòó. Ẹ sì mọ àwa náà, bí àtẹ́lẹwọ́ bá ti ń yún èèyàn, a ó ní owó ló ń bọ̀. Gbogbo ẹni tó bá rí i níbi tó ti ń fi ọwọ́ ha etí ògiri ló ń kí i kú oríire, tí wọ́n ń ní kó má gbàgbé àwọn. Mísbáù tó ń wa kẹ̀kẹ́ márúwá, tó ń gbé nísàlẹ̀, tiẹ̀ ní kó fi ọwọ́ náà ra òun lórí. Ìyá Tẹ́júọlá á kàn rẹ́rìn-ín. Àwàdà yẹn sú mi débi pé mo ti fẹ́ bá ẹnì kan jà nítorí rẹ̀.

Èmi ni mo bá a lọ sí ọsibítù. Dókítà obìnrin tó yẹ̀ ẹ́ wò ṣe dáadáa sí wa. Nígbà tí èsì ẹ̀jẹ̀ jáde, ó ní àrùn oríkèé ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí ọjọ́ ogbó ń fà. Ó ní ara obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló ń gbógun ti oríkèé tirẹ̀. Ó fún un ní oògùn tí yóò máa lò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó sì kìlọ̀ pé yóò pẹ́ kó tó ṣiṣẹ́, kó má ṣe tìtorí ìyẹn dá a dúró. Fún yíyún, ó ní kó máa rẹ aṣọ sínú omi tútù, kó máa fi lé e, kó máa fi ìpara tí kò lóòórùn pa á, kó sì gé èékánná rẹ̀ kúrú. Bí ọwọ́ bá gan láàárọ̀, kó rì í sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Ó ní kó má lo omi gbígbóná o, torí ńṣe ni yóò gbẹ awọ ara rẹ̀ táútáú, tí yíyún á sì tún le sí i. Ìyá Tẹ́júọlá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a sì lọ gba oògùn.

Ó tẹ̀lé gbogbo rẹ̀ àfi ti omi. Ẹni tí nǹkan ò yún rí ni yóò yà lẹ́nu. Omi gbígbóná máa ń pa yíyún fún ìgbà díẹ̀, ìgbà díẹ̀ yẹn sì dùn ju oúnjẹ lọ. Ó padà sọ fún mi pé bí ilẹ̀ bá ti mọ́, òun á ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná, òun á da omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná sínú bàsíà, òun á fi omi tútù díẹ̀ là á, òun á sì ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́ títí yóò fi dà bíi pé òun ò lọ́wọ́. Bó ṣe ń mọ́ ọn lára ló ń dín omi tútù tó fi ń là á kù. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú wa.

Ohun tó sì fi ń pa ọ̀rọ̀ ọwọ́ yẹn mọ́ fún ọmọ rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Tẹ́júọlá, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ti wà nílé ọkọ ní Èjìgbò fún ọdún pípẹ́ kó tó lóyún. Ìyá yìí ti wẹ ọmọ gbogbo ayé, ó ti gbé e fún wọn, ó ti padà sílé ara rẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Ọmọ Tẹ́júọlá ló kù tó fẹ́ wẹ̀. Bí Tẹ́júọlá bá wá kí i, yóò ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìró, yóò ní ẹ̀fọn ló jẹ òun. Ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ, pé bí Tẹ́júọlá bá fi lè mọ̀, yóò ní kí òun máa sinmi, ìyá Olúbọ̀wálé ọkọ rẹ̀ ni yóò sì wá wẹ ọmọ. Ọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ ni, mi ò dá sí i.

Tẹ́júọlá bí ọmọkùnrin, wọ́n sọ ọ́ ní Pamílẹ́rìn, ó sì gbé e wá sí Jakande kí ìyá rẹ̀ lè tọ́jú àwọn méjèèjì. Inú Ìyá Tẹ́júọlá dùn débi pé ó ń kọrin nínú ilé ìwẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Tẹ́júọlá sọ fún un pé àwọn nọ́ọ̀sì ní ìgúnpá ni kí àwọn máa fi dán omi ọmọ wò.

Ìyá rẹ̀ wò ó. "Ìgúnpá kẹ̀? Ọwọ́ tí mo fi wẹ ìwọ ńkọ́?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, Tẹ́júọlá náà rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Wọ́n wẹ ọmọ náà lọ́jọ́ yẹn, àti láwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, kò sí nǹkan tó ṣe é. Ibi tó ti ń wẹ̀ ẹ́ ṣókùnkùn, ọṣẹ ń bo ọwọ́ rẹ̀, bó bá sì ti wẹ̀ ẹ́ tán, abẹ́ ìró ló tún ń ki ọwọ́ bọ̀. Ìyá Tẹ́júọlá kì í ki ọwọ́ bọ omi gbígbóná tirẹ̀ títí yóò fi wẹ ọmọ tán.

Àárọ̀ Sátidé kan báyìí, yíyún náà kò jẹ́ kó lè dúró. Ó ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ó kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ omi tirẹ̀. Nígbà tó yọ ọ́, ó nù ún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í po omi ọmọ. Èmi ti dé nígbà náà, mo di aṣọ ìnura mú sẹ́nu ọ̀nà. Mo rí i tó ki ọwọ́ bọ bàsíà ọmọ, tó ní ó ti tutù jù, tó tún bu omi gbígbóná inú ìkòkò kún un. Ó tún dán an wò, ó tún bù kún un. Ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú omi gbígbóná bẹ́ẹ̀, omi wo ni kò ní tutù lójú rẹ̀?

Ó tẹ́ Pamílẹ́rìn sórí ojúgun, ó bu ike àkọ́kọ́ dà sí i láti ìbàdí dé ẹsẹ̀. Ọmọ náà figbe ta. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: gbogbo ìkókó ló ń ké bí a bá ń wẹ̀ wọ́n lọ́nà tiwa, a kì í sì í tìtorí ẹkún dúró. Ìyá Tẹ́júọlá ní kó pẹ̀lẹ́, ó pè é ní ọkọ òun, ó sì bu ike kejì dà sí i.

Tẹ́júọlá ló sáré jáde láti yàrá. Ó ki ìgúnpá bọ bàsíà, ó fà á yọ, ó sì já ọmọ gbà. Awọ itan ọmọ náà ti ń bó.

Mísbáù ló fi kẹ̀kẹ́ gbé wa lọ sí ọsibítù. Wọ́n dá ọmọ náà dúró, wọ́n sì dóòlà ẹ̀mí rẹ̀, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n àpá ńlá wà ní itan rẹ̀ di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ibi tí a jókòó sí tí a ń dúró, iná ibẹ̀ mọ́lẹ̀ gan-an. Ìyá Tẹ́júọlá ò ráyè ki ọwọ́ bọ ibì kankan. Ó gbé e sórí itan, ó pọ́n, ó sì wú.

"Mọ́mì, kí ló ṣe ọwọ́ yín?" Tẹ́júọlá bi í.

Ibẹ̀ ló ti jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: àrùn náà, oògùn, omi gbígbóná. Tẹ́júọlá tẹ́tí sí i títí ó fi parí. "Ẹ̀ bá ti sọ fún mi," ló sọ. Láti ọsibítù, Èjìgbò ló gbé ọmọ rẹ̀ lọ, ìyá Olúbọ̀wálé sì wá bá wọn níbẹ̀.

Ní búlọ́ọ̀kù, kò sẹ́ni tó pe Ìyá Tẹ́júọlá fún ìwẹ̀ ọmọ mọ́. Àwọn tó ń kí i kú oríire tẹ́lẹ̀ ló wá ń sọ pé àwọn ti mọ̀ pé ọwọ́ yẹn ò dáa. Ó dùn mí, ó dùn mí gidi. Òun kò bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀. Ó ń lo oògùn rẹ̀, ó ti jáwọ́ nínú omi gbígbóná, omi tútù àti ìpara ló kù tó fi ń tọ́jú ọwọ́. Nígbà tí ọyẹ́ dé, oògùn náà ti ń ṣiṣẹ́. Wíwú náà wálẹ̀, ìka bẹ̀rẹ̀ sí í ká, yíyún náà sì lọ. Dókítà yọ̀ mọ́ ọn. Ọwọ́ náà tún padà di ọwọ́ tí mo mọ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, Tẹ́júọlá gbé Pamílẹ́rìn wá lẹ́yìn ìsìn. Ọmọ náà ti ń rìn. Ooru mú, Tẹ́júọlá sì fúnra rẹ̀ pọn omi ẹ̀rọ sínú bàsíà, ó bọ́ aṣọ ọmọ rẹ̀, ó ní kó lọ bá Màmá. Mo mọ ohun tó ń ṣe, inú mi dùn sí i. Pamílẹ́rìn dúró níwájú ìyá rẹ̀ àgbà, ó na ọwọ́ sókè pé kó gbé òun.

Ìyá Tẹ́júọlá ki ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bọ abíyá, ó kọjú sí mi. "Wàsílátù, bá mi wẹ̀ ẹ́."

"Mọ́mì, omi tútù ni," Tẹ́júọlá sọ jẹ́ẹ́. "Èmi ni mo pọn ọ́n."

"Mo mọ̀," ó ní. "Ọwọ́ yìí ti parọ́ fún mi rí."

Ó bọ́ síta. Mo gbé ọmọ náà sínú omi, mo wẹ̀ ẹ́. Ó ń pe Màmá, Màmá, títí mo fi nù ún lára tán, ìyá àgbà náà kò sì wọlé.