Ọ̀gá Wa Obìnrin Nídìí Dígí Oòrùn

Mummy ni gbogbo wa máa ń pe ọ̀gá wa obìnrin nílé-ẹ̀kọ́ gíga tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Ọ̀fà. A ní àwọn dígí ńlá tó ń kó oòrùn jọ sórí páìpù omi. Omi á hó, ooru rẹ̀ á yí ẹ̀rọ, gílóòbù á sì tàn. Mummy kì í jẹ́ kí a ṣí dígí sí oòrùn láìkọ́kọ́ yẹ fáàfù tó ń tú ooru sílẹ̀ nínú páìpù wò. Á ní, "Iná la fẹ́, a ò fẹ́ òkú."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, fáàfù há mọ́ wa lọ́wọ́. Páìpù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

"Ẹ bọ́ sẹ́yìn ògiri," ni Mummy wí jẹ́jẹ́.

Òun nìkan ló dúró, tó ń yí àwọn dígí náà kúrò lójú oòrùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi ń ka kálímà lábẹ́nu títí ariwo irin náà fi rọlẹ̀.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Mummy, ṣé ẹ̀rù ò bà yín ni?"

Ó sọ ọ́ sí mi létí pé, "Mo ti tọ̀ sára."

Mo bọ́ ìborùn mi, mo ró o mọ́ ọn nídìí, a sì jọ rọra kọjá lójú àwọn yòókù.