Àpá Ìkòkò Lórí Tábìlì Ìrókò

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn nǹkan tí mo fọwọ́ ara mi bà jẹ́ fún yín. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún o, àmọ́ kò tíì kúrò lára mi.

Adéwọlé, n'Ílọrin, ni ṣọ́ọ̀bù mi wà nígbà náà. Káfíńtà ni mí, àga àti tábìlì àtijọ́ ni mo sì fẹ́ràn jù láti tún ṣe. Ìyàwó mi ń ṣe tíṣà l'Ókè-Òyì, ìparí ọ̀sẹ̀ nìkan ló ń wálé. Èmi àti igi la jọ máa ń wà látàárọ̀ dalẹ́. Ta ni yóò wá yìn mí tí mo bá ṣiṣẹ́ tó dáa?

Baba Alhaji kan gbé tábìlì ìrókò wá láti àdúgbò Fate. Ìyàwó wọn ti kú lọ́dún tó ṣáájú, àwọn nìkan ló kù nílé. Wọ́n ní ẹsẹ̀ kan ló ń mì, kí n bá àwọn dè é. Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kíá ni mo de ẹsẹ̀ náà. Àmọ́ àpá dúdú róbótó kan wà láàárín tábìlì yẹn, ojú mi ò kúrò níbẹ̀. Ṣé irú èyí ló yẹ kó jáde ní ṣọ́ọ̀bù mi? Mo gbé ìfági, mo fá a, mo fi sanpépà ha á, mo kùn ún ní fáníìṣì lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ń dán bíi dígí!

Nígbà tí Baba dé, wọ́n gbọ́wọ́ lé àárín tábìlì, wọ́n ń wá nǹkan.

“Káfíńtà, ibo ló wà?”

Èmi ń rẹ́rìn-ín, mo ní mo ti bá wọn fá a kúrò.

Baba jókòó. Wọ́n ní ibẹ̀ ni ìyàwó àwọn máa ń gbé ìkòkò sààrì lé nígbà àwẹ̀. Látìgbà tó ti kú, ibẹ̀ làwọn ń gbé abọ́ sí, kó má baà dà bíi pé àwọn nìkan ló ń jẹun.

Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀. Wọn ò bú mi. “Kádàrá ni. Máa lò ó.” Wọ́n fi tábìlì sílẹ̀, wọ́n lọ.

Mo gbé e lọ sílé. Lọ́jọ́ kan, ìyàwó mi ṣèèṣì gbé ìkòkò gbígbóná lé e, ó sì jó o. Ó ń bẹ̀ mí pé òun á wá nǹkan fi nù ún. Mo ní kó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyàwó mi náà ti di olóògbé báyìí. Ibẹ̀ ni mò ń gbé abọ́ mi sí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tún nǹkan ṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa béèrè kẹ́ ẹ tó fá nǹkan onínǹkan. Kí ló wà nílé tiyín tẹ́ ẹ ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún ṣe? Ẹ kọ ọ́ síbí. Gbogbo ẹ̀ ni màá kà, kò kúkú sẹ́ni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ nílé.