Àmì Ṣọ́ọ̀kì Lára Píjò Bàbá Mi

Òórùn pẹtiróòlù tí ẹ́ńjìnnì kò jó tán ṣì máa ń bí mi nínú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní Shango, àdúgbò wa, màmá mi ti wọ aṣọ ọ̀fọ̀; a fẹ́ lọ sìnkú ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá mi yí dísítíríbútọ̀ tó ń pín iná fún ẹ́ńjìnnì Píjò wa, ó ní òun ń tún táímìn rẹ̀ ṣe, kí iná lè máa ran pẹtiróòlù lásìkò. Ẹ́ńjìnnì sín, ó kú.

Màmá mi ní, “Haba, Bàbá Ṣadé! Ẹ dá a padà síbi tí mẹkáníìkì fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí.”

“Kí lobìnrin mọ̀? Ìyàwó mi ò sì ní wọ mọ́tò èrò lọ síbi òkú.”

Mo rí i tó fi àtàǹpàkò nu àmì náà kúrò. Mo rò pé ìdọ̀tí ló ń nù.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo mọ̀ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ba mọ́tò náà jẹ́ ni, torí kò fẹ́ lọ dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àna rẹ̀. Síbẹ̀, ó nà gbalaja sábẹ́ mọ́tò yẹn níwájú gbogbo àdúgbò títí ilẹ̀ fi ṣú.