Ẹ̀bẹ̀ Tí Wọ́n Lọ Bẹ̀ ní Downsview

Gbogbo ìgbà tí ọmọ wa fi wà ní yunifásítì ni ọkọ mi ń bá bọ́ọ̀lù tí ọmọ náà ń gbá jà. Ní tirẹ̀, bọ́ọ̀lù tí kò rí róbótó kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Kí èèyàn gbé ohun tó rí bí ẹyin ògòǹgò máyà, kó máa sáré, kí àwọn géńdé bíi mélòó kan wá gbé e ṣánlẹ̀, ó ní kì í ṣe ohun tí a torí ẹ̀ kúrò ní Ìbàdàn nìyẹn. Àmọ́ lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan nílùú tí à ń gbé ní Canada yìí pe orúkọ ọmọ náà lórí tẹlifíṣàn pé àwọn mú un, ọkọ mi ló kọ́kọ́ fò dìde. Kó tó di Sunday, ó ti ń ṣàlàyé òfin eré náà fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Scarborough, lódìlódì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Agbábọ́ọ̀lù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì kò lè sọ pé ẹgbẹ́ báyìí lòun fẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ ló máa tò, tí wọ́n á máa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí àwọn àgbà ṣe ń mú ẹran nínú àwo. Ẹran kì í sọ pé ẹni báyìí ni kó jẹ òun. Ẹni tó mú ọ ló ni ọ́, bí o ò bá fẹ́ ẹ, jókòó sílé. Wọ́n wá ní ká máa dúpẹ́. A sì dúpẹ́. A jó dé iwájú pẹpẹ, èmi náà jó.

Lẹ́yìn ọpẹ́ ni ìwé àdéhùn dé. Ejẹ́ńtì ọmọ mi, obìnrin òyìnbó kan tí kì í rẹ́rìn-ín, tó ń bá a dúnàádúrà pẹ̀lú ẹgbẹ́, kà á fún wa ní pálọ̀. Owó ibẹ̀ kò burú. Ohun tó burú ni pé bí ọmọ náà bá ṣèṣe kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ lè ní kó máa lọ lọ́wọ́ òfo. Orúnkún ọmọ mi sì ti dà á láàmú rí ní yunifásítì. Wọ́n mọ̀, ìdí tí wọ́n fi kọ ìwé náà bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ejẹ́ńtì ní kó má fọwọ́ sí i àyàfi bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé, bó ṣèṣe, wọn ò ní já a jù sílẹ̀. Títí dìgbà náà, kó má yọjú sí ibi ìgbaradì wọn rárá, kí ẹnikẹ́ni nínú ilé má sì bá wọn sọ̀rọ̀. Ó ní ẹgbẹ́ á kọ́kọ́ bínú, àwọn oníròyìn á pariwo, lẹ́yìn náà wọ́n á gbà.

Ó yé mi. Ta ni kò ná ọjà rí? Wàá yí ẹ̀yìn padà, wàá máa rìn lọ díẹ̀díẹ̀, ẹni tó ń tajà á pè ọ́ padà. Ṣùgbọ́n ọkọ mi kò ná ọjà rí láyé ẹ̀, iye tí wọ́n bá pè ló máa san. Ohun tí òun rí ni géńdé ọkùnrin tí wọ́n fún níṣẹ́, tó wá jókòó sí yàrá abẹ́lẹ̀ ilé, tó ń jẹ ẹyin. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè láti Ìbàdàn, ó béèrè bóyá orí ọmọ náà pé, nígbà tí àwọn kan ń fi ọjọ́ ayé wọn wá iṣẹ́ kiri ní Canada. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ wa pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé kí ni ọmọ wa ṣe fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́. Ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọkọ mi.

Ìgbà náà ni Bàbá Ìjọ wá sílé wa. Bàbá Ìjọ ló ń parí ìjà gbogbo nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, kì í sì í béèrè ohun tó dá ìjà sílẹ̀. Wọ́n mu tíì, wọ́n ní ọ̀gá lọ̀gá ń jẹ́, ká lọ bẹ ọ̀gá ẹgbẹ́ náà. Mo béèrè ẹ̀ṣẹ̀ tí ọmọ mi ṣẹ̀.

Bàbá Ìjọ rẹ́rìn-ín sí mi. Wọ́n ní, "Ìyá, kì í ṣe ẹni tó jẹ̀bi nìkan ló ń bẹ̀bẹ̀."

Mo rán wọn létí ohun tí ejẹ́ńtì wí. Wọ́n ní òyìnbó ni, kò mọ bí a ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Mo ní kò sẹ́ni tó ń lọ síbì kankan, mo kó àwọn ife tíì lọ fọ̀, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Wọ́n dúró dìgbà tí mo wà níbi iṣẹ́ ní North York. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló ròyìn fún mi nígbà tí mo dé, tayọ̀tayọ̀. Òun àti Bàbá Ìjọ wọ agbádá, wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ èso, wọ́n kọrí sí pápá ẹgbẹ́ náà ní Downsview. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì rò pé akọrin ni wọ́n. Nígbà tí wọ́n dé ọ́fíìsì ọ̀gá tó ń rí sí àdéhùn, Bàbá Ìjọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Òyìnbó rí àgbàlagbà tó ṣubú lulẹ̀ níwájú òun, ló bá ké sí àwọn dókítà ẹgbẹ́. Wọ́n sáré wọlé pẹ̀lú yìnyín, wọ́n fẹ́ fi nǹkan de ọrùn Bàbá, wọ́n rò pé ó ti kán. Ọkọ mi, kí wọ́n má baà sọ pé òun ò mọ̀wà hù, dọ̀bálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá. Àwọn dókítà pín ara wọn sí méjì-méjì.

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di fíríìjì mú. Lẹ́yìn náà ni mo béèrè ohun tó sọ lórí ìdọ̀bálẹ̀.

"Mo ní ọmọ wa ni, ọmọ wọn náà ni. Mo ní ohunkóhun tí wọ́n bá fún un, a máa gbà á."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. "Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́. Inú wọn dùn gan-an."

Inú wọn á ṣe máà dùn? Ọjà tí wọ́n ti ń bá wa fà, bàbá ọlọ́jà fúnra rẹ̀ gbé e wá fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, ó tún fi ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lé e.

Ejẹ́ńtì pe ọmọ náà, ó tún pè mí, kí n tó sọ oúnjẹ kalẹ̀. Ẹgbẹ́ náà ti fẹnu gbà tẹ́lẹ̀ láti ṣe ìlérí yẹn, ó ku kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Wọ́n wá ní ìdílé ọmọ náà ti wá sọ pé kò pọndandan mọ́. Ọmọ mi gòkè wá láti yàrá rẹ̀, fóònù ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dáhùn.

"Did you lie on the floor, Daddy?"

Bàbá rẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí tìẹ ni.

"They were going to say yes," ló wí, ó sì padà sísàlẹ̀. Kò pariwo. Ó wù mí kó pariwo.

Ó fọwọ́ sí ìwé náà. Ta ló tún fẹ́ yí ẹ̀yìn padà fún ẹni tí bàbá ẹ̀ ti dọ̀bálẹ̀ fún? Ní Sunday, Bàbá Ìjọ jẹ́rìí pé ìrẹ̀lẹ̀ ti rọ ọkàn aláìgbàgbọ́. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Èmi ń wá nǹkan nínú báàgì mi, n ò sì mọ ohun tí mò ń wá.

Orúnkún náà kò dúró dìgbà tí ìdíje bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ kọlù ú. Ó kàn yí padà láti sáré níbi ìgbaradì ni, ohun kan já nínú ẹ̀. Ẹgbẹ́ náà dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n ní kó wá kó ẹrù rẹ̀. Ọ̀gá tí wọ́n lọ bẹ̀ bọ òun náà lọ́wọ́. Ọmọ mi padà wá sí yàrá abẹ́lẹ̀ wa pẹ̀lú ọ̀pá méjì lábíyá.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi pè láti Ìbàdàn, ó ní iṣẹ́ ayé ni. Bàbá Ìjọ ní ká gbààwẹ̀. Fún ọjọ́ mélòó kan, ọkọ mi kò sọ̀kalẹ̀ lọ bá ọmọ náà. Lọ́sàn-án Saturday, mò ń fọ àwo, ó wá dúró sẹ́yìn mi.

"Bá mi bẹ ọmọ yẹn."

Inú bí mi, àánú ẹ̀ sì ṣe mí, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní, "Daddy, ẹ mọ ọ̀nà Downsview, ẹ ò lè sọ pé ẹ ò mọ ọ̀nà basement. Ẹ lọ bẹ̀ ẹ́ fúnra yín."

Ó lọ. Ó dúró sórí àtẹ̀gùn, ó di igi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ mú. Mo pa omi ẹ̀rọ kí n lè gbọ́. Ó wúkọ́ díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ níwájú ìjọ. Ó ṣe díẹ̀, ó padà wá jókòó sídìí tábìlì.

"Ó jọ pé ó ti sùn," ló wí.

Òòrùn ṣì mọ́lẹ̀ kedere lójú fèrèsé, àwa méjèèjì sì ń gbọ́ ọ̀pá ọmọ náà tó ń kan ilẹ̀ nísàlẹ̀, kọ́, kọ́, bó ṣe ń rìn káàkiri yàrá.